Àgọ́ ló bí ilé, aṣọ fífọ̀ ló bí hòtẹ́ẹ̀lì: ìdáhùn fún ẹni tó ń lọ sí Oak Bluffs

Ẹ ṣé ma fún ìbéèrè yìí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí. Fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á: àǹtí yìí ń gbé ní Worcester, òun àti ọkọ ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta fẹ́ lọ gbatẹ́gùn ní Martha's Vineyard, erékùṣù kan ní Massachusetts, nínú August, màmá ẹ̀ tó wá kí wọn láti Abẹ́òkúta á sì tẹ̀ lé wọn. Ó ti rí fọ́tò àwọn ilé pákó kéékèèké yẹn ní Oak Bluffs, ìlú kan níbẹ̀, oní-píńkì, oní-búlúù, oní-yẹ́lò, ọkọ ẹ̀ ní ilé ọmọlangidi lásán ni, pé òun ò lè wakọ̀ lọ síbi tó jìnnà tó yẹn kí òun tún wọ ọkọ̀ ojú omi nítorí pákó. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá sọ pé aláwọ̀ dúdú kan ti ní hòtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọkọ ní irọ́ ni. Kí ló wà nínú àwọn ilé yìí gan-an, ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, ibo ni kí wọ́n wò, ibo ni kí wọ́n sùn, ṣé èèyàn sì lè ra ọ̀kan. Ìbéèrè márùn-ún lẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ma, ẹ fara balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, 1912 ni, màá débẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló wù mí jù ní gbogbo erékùṣù náà. Ti ilé ọmọlangidi, n ò bá ọkọ yín jà, èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Iṣẹ́ kápẹ́ńtà ni mò ń ṣe, ilé àtijọ́ ni mo sì ń tún ṣe, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tú fèrèsé, tí mò ń pààrọ̀ pákó tó ti jẹrà káàkiri New England níbí, mo ti rò pé kò sí irú ilé onígi tí mi ò tíì rí. Mo dúró níwájú ọ̀kan ní Oak Bluffs, mo wò ó wò ó, mo ní kí lèyí, ìlẹ̀kùn yìí ò jọ ìlẹ̀kùn ilé. Ìlẹ̀kùn alápá méjì ni, ó wà láàárín gbùngbùn, ó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ kó fẹ̀ lára ilé tó kéré báyẹn, orí ẹ̀ yí róbótó tàbí kó rí ṣóńṣó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bálíkónì bíńtín wá yọ lókè ẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tó jókòó síwájú ilé ẹ̀ rí bí mo ṣe ń mi orí, ó ní kí n má wò ó bí ilé, kí n wò ó bí àgọ́. Mo wò ó bí àgọ́, ojú mi là. Ìlẹ̀kùn méjì yẹn, aṣọ àgọ́ tí wọ́n ká sọ́tùn-ún sósì ni. Òrùlé ṣóńṣó yẹn, aṣọ tí wọ́n fà lé igi lórí ni.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Ní 1835, àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti Edgartown, ìlú mìíràn lórí erékùṣù náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jeremiah Pease ló bá wọn wá ibẹ̀, wọ́n rí igbó igi óákù kan tó nílẹ̀ tútù tó sì súnmọ́ omi, wọ́n pa àgọ́ mẹ́sàn-án síbẹ̀ nínú August, wọ́n wàásù, wọ́n kọrin, wọ́n sunkún ẹ̀ṣẹ̀ wọn, wọ́n ká àgọ́, wọ́n lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n tún padà wá, àwọn èèyàn sì ń pọ̀ sí i. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Wesleyan Grove, òun náà ni wọ́n ń pè ní Campground. Àgọ́ ìgbà yẹn kì í ṣe ti ìdílé o, ti ìjọ ni, ìjọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àgọ́ ńlá tiẹ̀, wọ́n á ta aṣọ láàárín, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, koríko gbígbẹ ni wọ́n ń sùn lé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti lọ Convention ní Redemption Camp rí, n ò ní láti ṣàlàyé púpọ̀ fún yín. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ọdún kìíní ẹní lèèyàn ń tẹ́ sílẹ̀, ọdún kẹta ó ti ń wá yàrá tó máa háyà, tó bá tún ṣe díẹ̀ sí i ó ti ń bi wọ́n pé èló ni ilẹ̀. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sáwọn Mẹ́tọ́díìsì yìí. Bàbá ìdílé kan á ní òun fẹ́ pàgọ́ tòun lọ́tọ̀ nítorí ọmọ kékeré, lọ́dún kejì á fi pákó tẹ́ ilẹ̀ nítorí òjò, lọ́dún kẹta á fi pákó ṣe iwájú ẹ̀ kó lè nílẹ̀kùn tó ṣe é tì, nígbà tó fi máa di bí 1860 wọ́n ti ń kọ́ odidi ilé onípákó, kò sì sẹ́ni tó jókòó sọ pé ẹ jẹ́ ká kọ́ ìlú. Láàárín ogún ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n tó 500, wọ́n tiẹ̀ lé, ní nǹkan bí 1880, àwọn tó ṣẹ́kù lónìí lé díẹ̀ ní 300.

Ìdí tí wọ́n fi há mọ́ra báyẹn náà nìyẹn. Ààyè àgọ́ ni wọ́n kọ́ ilé lé, kò sẹ́ni tó sún ààlà. Tí ọmọ bá sín nínú ilé kan, ilé kejì á kí i pẹ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ pákó díẹ̀ torí òun ni mo mọ̀. Ilé onígi tí ẹ̀ ń gbé ní Worcester, igi ló dúró nínú ògiri, wọ́n wá fi pákó bo òde, wọ́n fi nǹkan mìíràn bo inú, àárín ẹ̀ ni wọ́n ń ki òwú tí kì í jẹ́ kí òtútù wọlé sí. Ilé inú Campground ò ní àárín. Pákó ni wọ́n tò lóòró, etí kan wọnú etí kejì, pákó yẹn kan náà ni ẹ̀ ń rí lóde, òun náà lẹ máa rí tí ẹ bá wọlé, òun ló sì ru òrùlé. Ògiri kan ṣoṣo. Ọgbọ́n ńlá ni, torí ó yá á kọ́, kò wọ́n, kápẹ́ńtà méjì mẹ́ta lè gbé e dìde kí àkókò ìpàgọ́ tó dé, àmọ́ ilé ìgbà ooru nìkan ni, tí ẹ bá dúró síbẹ̀ ní January ẹ máa mọ̀ pé aṣọ ni bàbá ẹ̀. Àwọn kan ti wá fi nǹkan sí tiwọn nínú kí wọ́n lè gbé e lọ́dọọdún, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bo pákó inú yẹn, fún èmi o, ilé náà ti sọnù ní ìdajì.

Iṣẹ́ ọnà etí òrùlé wá ńkọ́? Gingerbread lòyìnbó ń pè é, bí ẹni pé búrẹ́dì ni wọ́n gé. Èmi, léèsì ni mo rí. Ẹ wò ó dáadáa, etí òrùlé, etí bálíkónì, gbogbo ẹ̀ gé wínníwínní bí ẹni rán léèsì mọ́ etí bùbá. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé ayùn ẹ̀rọ tó lè gé pákó ní kọ́ńdú-kọ̀rọ̀ ti dé nígbà yẹn, iṣẹ́ tí agbẹ́gilére ì bá fi oṣù kan ṣe, ẹ̀rọ á ṣe é kí ọjọ́ tó rọ̀, kò wá wọ́n mọ́, tálákà pàápàá lè ní i. Tí aládùúgbò ẹni bá ti gé ti ẹ̀ bíi ọkàn, tèmi gbọ́dọ̀ jẹ́ ewé tàbí ìgbì òkun, ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ṣe máa ń rí tí ẹnì kan bá ti lọ fi stone sí tiẹ̀. Àwọn èèyàn tó wá ronú pìwà dà o!

Wọ́n ò kúkú pẹ́ nìkan wà. Ní 1866, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní Edgartown pẹ̀lú Erastus Carpenter, oníṣòwò fìlà koríko láti Foxboro, ra ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn onígbàgbọ́ àti òkun gan-an, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Robert Morris Copeland pé kó ya àwòrán ìlú fún wọn, ìyẹn ya òpópónà tó ń yí bí ejò àti pápá gbalasa létí omi tí wọ́n ń pè ní Ocean Park títí dòní, wọ́n gé ilẹ̀ sí nǹkan bí 1,000 pulọ́ọ̀tì, wọ́n ń tà. Ojú àwọn ìjọ ràn kankan. Ijó, ọtí, eré skating, gbogbo ẹ̀ máa wà lẹ́yìnkùlé wọn! Wọ́n kọ́ ọgbà igi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje yí Campground ká. Ọgbà yẹn ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń rìn láti òpópónà ńlá wọnú Campground ẹ ṣì máa mọ ibi tí ẹ ti kọjá ààlà, gbogbo nǹkan á kàn ṣàdédé kéré, á sì dákẹ́.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé alẹ́ fìtílà tí gbogbo ayé fi mọ Campground lónìí, àwọn ará ayé yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ onílẹ̀ yẹn ló ta fìtílà oníwèé káàkiri ní 1869 nígbà tí gómìnà Massachusetts ń bọ̀, kí wọ́n lè ta ọjà wọn. Àwọn ìjọ rí i, ó wù wọ́n, àwọn ló jogún ẹ̀. Nínú August ló máa ń bọ́ sí, tó bá ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ọjọ́ yín ẹ má jẹ́ kó fò yín o. Gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ péjọ sínú Tabernacle, ìyẹn ilé ìsìn onírin ńlá tí kò ní ògiri tó wà láàárín, 1879 ni wọ́n kọ́ ọ, kó tó dìgbà náà aṣọ àgọ́ gìrìwò kan ni wọ́n ń ta síbẹ̀. Wọ́n á kọrin, wọ́n á pa iná, àgbàlagbà kan tí wọ́n fẹ́ yẹ́ sí á tan fìtílà àkọ́kọ́, ilé kọ̀ọ̀kan á wá tan tiẹ̀ títí gbogbo ibẹ̀ á fi máa jó wòwò. Màmá máa fẹ́ràn ẹ̀, mo fi dá yín lójú.

Ṣé èèyàn lè ra ọ̀kan? Ẹ lè ra ilé, ẹ ò lè ra ilẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ni Campground, tó ti ní ìwé àṣẹ ìjọba láti 1868, kì í ta ilẹ̀ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, èèyàn á ra pákó, á máa san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ á sì kọ́kọ́ yẹ ẹ wò kó tó wọlé, kódà fún àtúnṣe òde ilé wọ́n ní ohun tí wọ́n máa bi yín. Ìdílé míì ti mú ilé kan dání fún ìran mẹ́rin márùn-ún, wọn ò tà á rí. Torí náà owó nìkan kọ́ ló wà nínú ẹ̀. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n wó wọn, torí ẹ mọ olówó, tó bá ra ilé kékeré mẹ́ta tó tò síra á fẹ́ pa wọ́n pọ̀ kọ́ ńlá kan, níbí kò ráyè. Ní 2005 ìjọba àpapọ̀ kọ gbogbo Campground sínú ìwé àwọn ibi ìtàn pàtàkì orílẹ̀-èdè.

Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ò ríbi tó dáa bọ́ sí bíi tiwọn. Iná ló jẹ wọ́n. Àgbà wọn ni Sea View House, 1872, Samuel Freeman Pratt ló ya àwòrán ẹ̀, ẹni kan náà tó ya Union Chapel, ṣọ́ọ̀ṣì onígun mẹ́jọ tó ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí ni Sea View wà, òun lèèyàn máa kọ́kọ́ fojú kàn. Láti 1874 ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tún ń gbé àlejò láti ibẹ̀ lọ sí Edgartown àti etí òkun Katama. Ọkọ̀ ojú irin yẹn ò lò ju ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ kó tó kú, Sea View ò sì tó bẹ́ẹ̀ pàápàá, September 1892 iná mú un, ó jó dé ilẹ̀, òun àti ilé skating tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ rò ó wò: igi gbígbẹ, ọ̀dà, atẹ́gùn òkun, kí ló máa dá a dúró?

Èyí tó ṣẹ́kù nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ìgbà yẹn ní Oak Bluffs ni Wesley, 1879, ó kọjú sí èbúté, Summercamp ni wọ́n ń pè é báyìí. Iná fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ òun náà ní 1894, àṣé ẹni tó ni ín fúnra ẹ̀ ló dáná sí i nítorí owó ìnṣọ́ránsì, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n. Tí ẹ bá dé bàràǹdà gígùn tó wà níwájú ẹ̀, ẹ jókòó níbẹ̀ wo àwọn ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n inú ẹ̀, wọ́n ti tún un ṣe débi pé ohun àtijọ́ tó kù ò pọ̀.

Ilé kan tún wà létí Ocean Park tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa oníṣẹ́. Philip Corbin, olówó tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ àti ìkọ́ ìlẹ̀kùn ní Connecticut, kọ́ ọ ní 1891, ilé gogoro, aláràbarà. Peter Norton rà á lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Norton tí ẹ máa ń rí orúkọ ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà ni, ó tún un ṣe, ní 2001 ó jó kanlẹ̀. Ọkùnrin yẹn ní kí wọ́n tún un kọ́ bó ṣe wà, wọ́n sì tún un kọ́. Àwọn kan ní ilé àtijọ́ ni, àwọn kan ní ẹ̀dà ni. Èmi ò kà á sí ilé 1891, ìgbà tó ti jó ó ti jó, ṣùgbọ́n bí mo bá rí ọwọ́ àwọn kápẹ́ńtà tó ṣe é, fìlà mi ni màá ṣí fún wọn.

Ó yá, hòtẹ́ẹ̀lì 1912. Ẹ pe ọkọ yín kó wá gbọ́.

Wọ́n bí Charles Shearer sínú oko ẹrú ní Virginia, ìyá ẹ̀ jẹ́ ẹrú, ẹni tó ni ìyá ẹ̀ ni bàbá ẹ̀. Òmìnira dé, ó lọ sí iléèwé Hampton, ó ṣe olùkọ́ níbẹ̀, ó fẹ́ Henrietta, wọ́n wá sí apá Boston. Ní Boston olùkọ́ dúdú ò ríṣẹ́ olùkọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣe ọ̀gá àwọn agbáwo ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, ọ̀kan nínú wọn ni Parker House. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ọ̀gá agbáwo mọ bí hòtẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ibi ìdáná dé orí bẹ́ẹ̀dì ju ẹni tó ni ín lọ. Wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, àwọn Onítẹ̀bọmi sì ti kọ́ ilé ìsìn tiwọn sí Highlands, òkè tó wà ní òdìkejì omi sí ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ìyẹn ló gbé ìdílé Shearer dé erékùṣù. Ní 1903 wọ́n ra ilé síbẹ̀.

Henrietta ló kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di owó. Ó dá ilé ìfọṣọ sílẹ̀ nínú ọgbà, ó gba àwọn obìnrin síṣẹ́, wọ́n ń fọ aṣọ àwọn olówó funfun tó wá gbatẹ́gùn. Ẹ mọ aṣọ ìgbà yẹn, funfun, onípele mẹ́ta mẹ́rin, tí wọ́n á fọ̀, tí wọ́n á sè, tí wọ́n á fi sítáàṣì sí, tí wọ́n á fi áyọ̀nù eléèédú lọ̀, tí wọ́n á tún lọ gbé e fún onílé. Láti inú aṣọ fífọ̀ yẹn ni 1912 ti wá. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn dúdú láti Boston àti New York ń fẹ́ wá sí erékùṣù nígbà ooru, owó wà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó máa gbà wọ́n, torí àwọ̀. Charles àti Henrietta wá kọ́ ilé oníyàrá méjìlá, wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀. Shearer Cottage nìyẹn. Henrietta kú ní 1917, ọdún márùn-ún péré ló fi rí i, ṣùgbọ́n Charles àti àwọn ọmọ ẹ̀ obìnrin ò jẹ́ kó bàjẹ́.

Ẹ wo àwọn tó ti sùn síbẹ̀: Harry T. Burleigh, olórin ńlá tó kọ orin ẹ̀mí àwọn ẹrú sílẹ̀ kí wọ́n lè máa kọ ọ́ ní gbọ̀ngàn, ọdọọdún ló ń wá, òun ló sì ń sọ fún àwọn èèyàn ẹ̀ ní New York pé ibì kan wà. Adam Clayton Powell tó jẹ́ pásítọ̀ ní Harlem wá, ọmọ ẹ̀ tó padà di aṣòfin ní Washington wá, ó sì wá ra ilé tiẹ̀ sí Highlands níbẹ̀. Paul Robeson àti Ethel Waters, àwọn akọrin tó lókìkí, náà wá. Èèyàn tó máa kún gbọ̀ngàn ńlá ní New York lálẹ́ yìí, tó bá dé Massachusetts lọ́la kò níbi tí yóò sùn àfi ilé ọmọ ẹrú kan tó ti ń fọṣọ. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó.

Ohun tó tún yé mi nígbà tí mo dé iwájú ẹ̀: ilé náà ò ní léèsì púpọ̀. Pákó tó bójú mu, fèrèsé púpọ̀, bàràǹdà, ó parí. Ẹni tó bá ti wo àwọn ilé Campground tán tó wá débẹ̀ lè ní ṣé èyí náà ni. Ilé yẹn ò wá ẹni tó máa wò ó, ẹni tó máa sùn ló ń wá. Òun ni ojúkò àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n là sí erékùṣù náà, ó sì ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé Shearer títí dòní.

Àlejò ibẹ̀ ló di onílé. Èèyàn á wá sùn ní Shearer fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, á wá ra kọ́tééjì kékeré kan nítòsí, á sọ fún àbúrò ẹ̀, àbúrò á sọ fún ọ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Oak Bluffs ṣe di ìlú ìgbà ooru fún àwọn dókítà, lọ́yà, tíṣà, akọ̀wé ìjọba dúdú. Dorothy West òǹkọ̀wé gbé níbẹ̀, wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ òpópónà kan ní Highlands. Martin Luther King náà wá sinmi ní Oak Bluffs. Etíkun tí wọ́n ń wẹ̀ ni Inkwell, ìgò tàdáwà dúdú, orúkọ tí wọ́n ní ẹlẹ́yà ló kọ́kọ́ fi pè é, àwọn tó ni ín gbà á, wọ́n fi ṣe fáàrí. Àárọ̀ kùtùkùtù nígbà ooru, ẹ máa rí ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà tó ń wọ omi ibẹ̀, Polar Bears ni wọ́n ń pe ara wọn, láti 1946 ni wọ́n ti ń ṣe é. Tí màmá bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan omi, ibẹ̀ ni kí ẹ mú un lọ, wọ́n á kí i káàbọ̀.

Ní Edgartown mi ò ní pẹ́. Ilé funfun báláú, fèrèsé dúdú, gbogbo ẹ̀ gún régé, owó òróró ẹja àbùùbùtán ló kọ́ wọn. Ẹ wo ilé Dókítà Daniel Fisher, 1840, ẹni tó ń ta òróró àti àbẹ́là tí wọ́n fi òróró ẹja ṣe, àti Old Whaling Church ti 1843 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú òpó gìrìwò mẹ́fà níwájú. Harbor View, hòtẹ́ẹ̀lì 1891, ṣì ń gbàlejò níbẹ̀, owó ẹ̀ ga o. Ó lẹ́wà, mo gbà, àmọ́ gbogbo ilé yẹn ń wò yín bí ọ̀gá báńkì.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ níbẹ̀, Chappaquiddick ló wà, erékùṣù kékeré tó wà ní òdìkejì èbúté Edgartown. Ilé William A. Martin ṣì dúró síbẹ̀, ọkùnrin dúdú tó di ọ̀gákọ̀ ọdẹ àbùùbùtán ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìyá tó bí ìyá-ìyá ẹ̀ ń jẹ́ Rebecca, láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó o wá, ó ṣe ẹrú ní Chilmark, ìlú mìíràn lórí Martha's Vineyard. Ìwé ìgbà yẹn kàn pe ibi tó ti wá ní Guinea, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo etíkun wa nígbà yẹn, a ò lè sọ pé ọmọ wa ni, ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí mo bá ti ka orúkọ yẹn mo máa ń dákẹ́ díẹ̀. Ilé ẹlòmíì ni ilé yẹn o, ẹ má wọ ọgbà.

Ìyẹn rán mi létí. Àwọn ilé Campground, èèyàn ń gbé nínú wọn, wọ́n há mọ́ ọ̀nà débi pé ẹni tó jókòó sí pálọ̀ ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ nípa kọ́tìnì ẹ̀. Ẹ kí wọn, wọ́n á kí yín. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ gun bàràǹdà olúwarẹ̀ nítorí fọ́tò. Tí ẹ bá fẹ́ rí inú, Cottage Museum wà ní Trinity Park, ilé 1867 ni, wọ́n tọ́jú ẹrù inú ẹ̀ bó ṣe wà, owó ìwọlé ẹ̀ ò pọ̀, kí ọkọ yín fọwọ́ kan ògiri yẹn kó rí i pé pákó kan ṣoṣo ni. Àwọn ọmọ ní tiwọn, ẹ mú wọn lọ sí Flying Horses, ẹṣin onígi tó ń yí po, 1876 ni wọ́n ṣe é, ó dé Oak Bluffs ní 1884, irun ẹṣin gidi ló wà ní ìrù wọn, tí ọmọ bá fa òrùka idẹ yọ á gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti ibùsùn: nítorí màmá, ẹ má gba kọ́tééjì Campground tó jẹ́ pé òkè ni bẹ́ẹ̀dì wà. Àtẹ̀gùn àwọn ilé yẹn ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àkàbà, èmi fúnra mi ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Ẹ bi wọ́n tààrà pé ṣé yàrá wà nísàlẹ̀, ṣé ilé ìwẹ̀ wà nísàlẹ̀ náà. Ẹ kọ́kọ́ pe Shearer Cottage, yàrá wọn ò pọ̀, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún ló máa ń gbà á tán. Tí kò bá sí, ẹ wá ilé àlejò ní Vineyard Haven, ó dákẹ́ ju Oak Bluffs lọ, bọ́ọ̀sì sì wà láàárín wọn.

Fẹ́rì láti Woods Hole, èbúté tó wà lórí ilẹ̀ ńlá, ò ju ìṣẹ́jú márùnlélógójì lọ, kò sí afárá. Èèyàn lè ra tíkẹ́ẹ̀tì kó wọlé, ọkọ̀ yín ni wàhálà, àyè mọ́tò nínú August ti máa ń tán tipẹ́tipẹ́, nítorí náà ẹ gbé ọkọ̀ sí Falmouth, bọ́ọ̀sì tó ń gbé èèyàn dé ẹnu fẹ́rì wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ arọ tí ẹ sọ pé màmá máa ń lò nígbà míì, ẹ gbé e dání, ilẹ̀ Campground àti Ocean Park tẹ́jú.